Ẹ Kọ́kọ́ Ri Òpó Ààlà Mọ́lẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé Ìtàn Ẹ̀mí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrònú. Irú ìtàn àròsọ tí ẹnì kan ti ń bi ara rẹ̀ pé ta ni òun, àti pé ṣé ohun tí ojú òun ń rí yìí náà ni gbogbo ohun tó wà, ń pọ̀ sí i lédè Yorùbá, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àrùn kan náà ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba dípò kí a máa fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayé tí ẹ fẹ́ kí òǹkàwé ṣiyèméjì sí, ẹ ò tíì kọ́ ọ. Lójú-ewé kìíní, ewúrẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. Lójú-ewé kẹta, ògiri ti di omi. Kó tó di ojú-ewé kẹwàá, kò sí ohun tó lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Níbi tí kò bá sí ààlà, ẹnikẹ́ni ò lè ré e kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní olú ẹ̀dá ìtàn yín ni Adérójú, obìnrin sọ̀féyọ̀, ẹni ọdún 41, tí ìdílé kan ní kó wá wọn ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n tó pín in. Púlọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ l'Ékòó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní gígùn. Adérójú ta téèpù láti ìdí pèrègún kan dé ìdí èkejì, ó bá 120, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì kí wọ́n lè ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún wọ̀n ọ́n, ó di 131. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí iwin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kankan kò sọ̀rọ̀ láti òkè. Ẹsẹ̀ bàtà 11 péré ló lé, ó sì tó láti gba oorun lójú ènìyàn.

Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹ ti fún òǹkàwé ní ohun tó dá a lójú kí ẹ tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má wá kánjú. Sọ̀féyọ̀ gidi kì í ronú kan ọ̀run nígbà tí kò tíì fura sí téèpù. Téèpù irin máa ń gùn sí i nínú ooru, ṣùgbọ́n bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 15 lé sí i, ohun tó máa fi yàtọ̀ lórí 120 ẹsẹ̀ bàtà kò ju mìlímítà mẹ́fà sí méje lọ. Téèpù tí wọn ò fà le dáadáa máa ń fi kún iye, kò sì lè fi ẹsẹ̀ bàtà 11 kún un. Ẹnì kan nínú ìdílé lè ti fa èèkàn lóru nítorí ogún, àmọ́ pèrègún ló fi wọ̀n ọ́n, pèrègún tí àwọn baba gbìn kì í rìn. Ó kéré tán, kí ó wá àlàyé ojoojúmọ́ mẹ́ta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já sí asán lójú òǹkàwé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Olú ẹ̀dá ìtàn tó bá gba ìyanu gbọ́ kíá, òǹkàwé ò ní gbà á gbọ́ rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ mú abala ìwé kan ṣoṣo. Lókè, ẹ kọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ayé ìtàn yín: òkú kì í jí, ilẹ̀ kì í gùn sí i, ẹni tó jáde nílé kì í bá ara rẹ̀ pàdé lọ́nà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ẹyọ kan nínú àwọn òfin yìí tí ìtàn máa rú, ó pọ̀ jù, kó jẹ́ méjì. Lábẹ́ ìyẹn, ẹ kọ iye tí rírú u máa ná ẹni náà. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ yín máa ń fò. Bí Adérójú bá wọ inú ẹsẹ̀ bàtà 11 yẹn tó sì jáde láìpàdánù ohunkóhun, ìgbafẹ́ ló lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìgbà tó bá wọ ibẹ̀ bá ń gba orúkọ ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀, tó jáde tí kò rántí orúkọ àbúrò rẹ̀ mọ́, tó tún jáde tí orúkọ ọkọ rẹ̀ ti fò lọ, òǹkàwé á máa bẹ̀ ẹ́ kó má padà síbẹ̀, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún á sì máa fẹ́ kó lọ. Ohun tó bá ti lọ, ẹ má dá a padà lórí tó gbẹ̀yìn. A mọ̀ pé àánú máa ń ṣe yín. Ẹ fara dà á.

Àkókò náà nílò òfin tirẹ̀. Bí wákàtí kan lọ́hùn-ún bá jẹ́ ọrún kan níhìn-ín, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ àbáláyé, kó rí bẹ́ẹ̀ dé òpin. Ẹ ya kàlẹ́ńdà, ẹ fi ọjọ́ ọjà ìlú sí i. Ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ ọjà, tó lo wákàtí méjì, ọjọ́ ọjà ló gbọ́dọ̀ bá nígbà tó bá jáde. Ẹ máa rí òǹkàwé tó máa ṣírò rẹ̀.

Ibi tó dùn wá jù ló kù yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ tó ń jáde báyìí, olú ẹ̀dá ìtàn á jókòó, á pa ojú dé, á máa mí sínú, á máa mí síta, títí á fi “bá ara rẹ̀ pàdé”. Kò burú. Àwọn ará Íńdíà ti ro ọ̀nà yẹn dé gbòǹgbò láti ayébáyé, wọ́n sì mọ gbogbo ibi tó ti ń le. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú u lò kò mọ ibi tó ti ń le, ìdí nìyẹn tí kò fi le fún ẹnikẹ́ni nínú ìwé yín. Bẹ́ẹ̀ ohun èlò wà nílé. Nínú ìrònú Yorùbá, ẹni tó ń wá ara rẹ̀ kì í wá ohun tí kò ní rí. Ó ti kúnlẹ̀ lọ́run, ó ti yan, wọ́n ti fún un, ó ti kọjá lọ́dọ̀ oníbodè, ó sì gbàgbé. Ohun tó ń béèrè ni pé, “Kí ni mo yàn?” Ìbéèrè yìí yí gbogbo ètò ìtàn padà, nítorí ó sọ ìwé yín di ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ẹ̀rí wà níbì kan, ẹlẹ́rìí wà, ẹni tó mọ̀ tí kò sọ náà wà.

Ẹ wo àkọsẹ̀jayé. Ní ìlànà àbáláyé, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń da Ifá láti mọ irú ẹsẹ̀ tí ọmọ mú wá sáyé. Wọ́n á sọ èèwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó yẹ kó ṣe àti ohun tó yẹ kó yẹra fún. Ọmọ ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, àwọn òbí ló gbọ́. Àṣírí ìwé yín ti wà lẹ́nu ìyá láti ojú-ewé kìíní! Ká ní ìyá Adérójú yí sí ẹ̀sìn mìíràn lẹ́yìn ìkómọ, tó sì pinnu pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní jáde lẹ́nu òun láéláé. Ìyá ti di ẹni ọdún 76 báyìí, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kó tó ra tán, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá wọ ilẹ̀ yẹn ni orúkọ ń jábọ́ lọ́kàn òun náà. Ìgbàgbé méjì ń sáré pàdé ara wọn. A ò tíì lo iwin kankan.

Ẹsẹ̀ Ifá tó sọ̀rọ̀ Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Àfùwàpẹ́ tó ẹ̀kọ́ ọdún kan fún òǹkọ̀wé. Àwọn mẹ́ta ń bọ̀ láyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí lọ́run. Méjì ò dúró. Wọ́n débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ń yìnrìn. Àfùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, ó dá Ifá, ó gbé iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bá a fi iyọ̀ sí i, oníbodè sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó tó jókòó ti Àjàlá ní gbèsè, ó san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà tó sá sí, ó sì bá a ṣa orí tó dára. Òjò pa òun náà lọ́nà. Kò yìnrìn.

Ẹ kíyè sí ọwọ́ tí wọ́n fi hun ún. Ọ̀rọ̀ kádàrá kò jinlẹ̀ ju báyìí lọ níbikíbi, síbẹ̀ iyọ̀ ọbẹ̀, gbèsè àti òjò ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó ń mọ orí fún gbogbo ayé ń sá fún olówó lórí àjà! Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tí ẹ máa ń tàn sí gbogbo ibi tí nǹkan ẹ̀mí bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, wọn ò nílò rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé gbogbo ohun tí Àfùwàpẹ́ lò ló ti gbé dání kó tó mọ ibi tó máa lò ó. Bí ìtàn yín bá nílò kọ́kọ́rọ́ lórí kejìdínlógún, kó ti wà nínú àpò ẹnì kan lórí kejì, kó sì máa ṣe iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀.

Ewu kan wà nínú ọ̀nà yìí, a ò ní fi í pa mọ́. Bí orí bá ti yàn án tán, kí ló kù tí òǹkàwé máa máa bẹ̀rù? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń sùn: olú ẹ̀dá ìtàn kàn ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti sọ pé á dé. Ifá ti dáhùn èyí náà. Gbogbo orí péjọ, wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún títí wọ́n fi lọ pè é. Nínú orí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ ṣe ohun kan tó lè ba orí jẹ́ tàbí tó lè tún un ṣe. Kí Adérójú purọ́ fún ìdílé tó gbé iṣẹ́ fún un. Kó kọ 120 sínú ìwé nígbà tó mọ̀ pé 131 ni. Láti ibẹ̀ lọ, orí nìkan kọ́ ló ń gbé e lọ mọ́.

Bí babaláwo bá wà nínú ìtàn, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ babaláwo. Ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń jù sílẹ̀ dá Ifá, ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ikin, èkùrọ́ tí wọ́n fi ń dá Ifá, jẹ́ 16. Bí wọ́n bá gbá ikin tí ẹyọ kan ṣẹ́kù lọ́wọ́, àmì méjì ni wọ́n ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn; bí méjì bá ṣẹ́kù, àmì kan. Odù jẹ́ 256. Owó ẹyọ 16 tí àwọn kan nínú yín ń fi sọ́wọ́ babaláwo, ẹẹ́rìndínlógún nìyẹn, ọwọ́ àwọn olórìṣà ló yẹ kó wà. Àṣìṣe kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ẹni tó mọ̀ pé òǹkọ̀wé ò débẹ̀, kò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá sọ pé ilẹ̀ gùn sí i.

Àṣìṣe ńlá ni pé babaláwo inú ìwé yín á wo ènìyàn lójú, á sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ palẹ̀ láàárín ìpínrọ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an dára fún ìtàn ju ìyẹn lọ. Oníbéèrè á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, babaláwo ò ní gbọ́. Á dá Ifá, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ẹsẹ̀ kan á tẹ̀lé òmíràn, oníbéèrè fúnra rẹ̀ ló sì máa sọ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òun wà. Ẹ fún Adérójú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí méjì nínú wọn bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, kí méjèèjì sì tako ara wọn. Kó mú ọ̀kan. Kí ìyókù ìwé jẹ́ èrè ohun tó mú.

Ohun kan náà kan wòlíì àti ààfáà. Yorùbá òde òní lè lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, kó mu hàǹtú lọ́jọ́ Ajé, kó sì bọ orí rẹ̀ láàárín méjèèjì, kò sì ní rí ara rẹ̀ bí ọ̀dàlẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀kan di òpùrọ́ kí èkejì lè borí. Ìwé tó bá ti mọ ẹni tó jàre láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣiyèméjì, ẹjọ́ ló ń dá.

Ọ̀rọ̀ àlá ńkọ́? Ìparí tí ẹni náà ti jí, tó wá rí i pé àlá ni gbogbo rẹ̀, a ti kà á tó. Kì í kàn ṣe pé ó ti gbó. Ó ń dá gbogbo owó tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ olú ẹ̀dá ìtàn padà fún un, orúkọ tó sọ nù á padà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún kùnà nítorí ẹni tó ń ka ìwé yín. Yorùbá tó lá àlá kì í sọ pé kò ṣẹlẹ̀, ńṣe ló máa ń béèrè pé kí ni àlá náà wá sọ. Ẹ sọ fún un pé “àlá ni”, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Bí àlá bá máa wà, kó wà láàárín ìwé, kó má ju ojú-ewé méjì lọ, kó sì gbé ohun kan wá tí ẹ̀dá ìtàn lè lọ yẹ̀ wò nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò tó bá a bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Bí kò bá bá a bẹ́ẹ̀, tó sì ku díẹ̀, ẹ̀rù á bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbíkú náà ti rẹ̀ wá díẹ̀, kí a má purọ́. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ lo ìpinnu tó bá ẹgbẹ́ ọ̀run ṣe: ọjọ́ ìpadà tó dá, ohun tó fi pa mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá ń fún ìtàn ní gbèdéke. Orúkọ bíi Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́ lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Iyèméjì fúnra rẹ̀ ní ìṣirò. Bí ẹ bá fẹ́ kí òǹkàwé wà láàárín méjì, pé ilẹ̀ ló ń gùn àbí iyè Adérójú ló ń ra bíi ti ìyá rẹ̀, ẹ ka àmì tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta fún ti ilẹ̀, mẹ́ta fún ti àìsàn. Bí ó bá di márùn-ún sí ẹyọ kan, òǹkàwé ti dájọ́ ná, ẹ kàn ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àmì tó dára jù ni èyí tó lè ṣiṣẹ́ fún ìhà méjèèjì: ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà 131 wà nínú rẹ̀, tí ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ kò sì jọ tirẹ̀ dáadáa.

Láti 1938 tí D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa ayé tí ojú ò rí, igbó yẹn ló ń yà sí. Iwin àti ìwàásù ni wọ́n ń kó níbẹ̀ jáde. Ohun tó gbé igbó náà dúró, wọ́n fi í sílẹ̀: àgbàlagbà kan wá bá ẹnì kan tó jókòó jẹ́ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Bí ó bá sọ díẹ̀, á dìde lọ. Ilẹ̀ á mọ́, á tún padà wá, àwọn ará àdúgbò á sì ti pé jọ láti gbọ́. Ayé lásán ló yí igbó ká. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tí a ní nínú Agbákò, ẹ̀dá abàmì olójú 16 inú ìwé náà, ti wá. Ìwàásù pọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Fágúnwà máa ń rìn jìnnà kó tó wàásù. Ẹ̀yin ń wàásù kí ẹ tó wọ bàtà.

Ní 1929, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà àròsọ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń fi í jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Orúkọ àdúgbò Èkó àti orin tí wọ́n ń kọ nígboro ló pọ̀ nínú lẹ́tà náà. Ẹ lọ ka ìwé yẹn kí ẹ tó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò nílò orúkọ òpópónà.

Ní ti ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ 50,000 sí 60,000 tó. Kí ìrékọjá àkọ́kọ́ wáyé láàárín ọ̀rọ̀ 5,000 sí 8,000. Bó bá yá jù, ààlà ò tíì gbẹ, bó bá pẹ́ jù, òǹkàwé ti lọ. Ìwé A5 tí a fi lẹ́tà ìwọ̀n 11 tẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ bí 300 lójú-ewé, nítorí náà 60,000 á bọ́ sí ojú-ewé 200. Àwọn atẹ̀wé sábà máa ń ká ìwé ní ojú-ewé 16 lẹ́ẹ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí 192 tàbí 208. Ẹ gé e kúrú dé 192. Ìwàásù wà níbẹ̀ tó ṣeé gé.

Ẹ fi àmì ohùn sí i bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ìwé tí ọ̀run, ọrùn àti oòrùn ti ń pàdé lójú-ewé kan náà kò ṣeé fi àmì sí lẹ́yìn tó bá parí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan lè jẹ́ oríṣi méjì tí ojú ò lè mọ̀ yàtọ̀: é lè jẹ́ kóòdù kan ṣoṣo tàbí e pẹ̀lú àmì tí wọ́n tò lé e. Ẹ́ kò tilẹ̀ ní kóòdù kan ṣoṣo, títò ni wọ́n ń tò ó. Èyí ló fa á tí ẹ fi ń wá “Adérójú” nínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i, nígbà tí orúkọ náà wà níwájú yín. Ẹ yí gbogbo fáìlì sí NFC, ìyẹn ìlànà tó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní oríṣi kóòdù kan náà níbi gbogbo, ẹ sì lo fọ́ǹtì tó mọ bí àmì ṣe ń jókòó sórí lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, bíi Charis SIL tàbí Gentium.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni méjì tí kò mọ nǹkan kan nípa ìtàn náà ní ojú-ewé 50 àkọ́kọ́. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, wọ́n á ní ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ayé yìí?” Bí ìdáhùn wọn bá bá ohun tó wà lókè abala ìwé yín mu, ẹ máa kọ̀wé lọ. Bí wọ́n bá ní ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀, ẹ padà sí orí kìíní, kí ẹ pa ewúrẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́.

Abala òfin yẹn, kàlẹ́ńdà, orí mẹ́ta àkọ́kọ́, àti orí tí ẹni náà ti pàdánù ohun tó dùn ún jù lọ: ìwọ̀nyí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ má kọ ẹ̀kọ́ tí ìwé náà kọ́ni sínú lẹ́tà tí ẹ fi tì í lẹ́yìn.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olóòtú ìtàn àròsọ Yorùbá